Rélùwéè oníná mẹ́ta ayé àtijọ́ ní Chicago: èwo ni kí ẹ kọ́kọ́ tọpa rẹ̀?

Ní àárọ̀ ọjọ́ 3 oṣù Keje ọdún 1957, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbé ní Wheaton, Elgin àti Aurora wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síbi iṣẹ́ ní Chicago bí ìṣe wọn. Nígbà tí wọ́n máa fi ṣíwọ́ nírọ̀lẹ́, ọkọ̀ tó gbé wọn wá kò sí mọ́. Ilé ẹjọ́ ti yọ̀ǹda kí iléeṣẹ́ náà dá iṣẹ́ èrò dúró, àwọn ọ̀gá kò sì ṣe sùúrù di alẹ́: aago méjìlá ọ̀sán kọjá díẹ̀ báyìí ni wọ́n ní kí ọkọ̀ má rìn mọ́. Kálukú wá bó ṣe máa délé. Chicago Aurora and Elgin ni orúkọ iléeṣẹ́ ọ̀hún, ó sì ti ń gbé èrò láti ọdún 1902.

Ìtàn yìí ni mo fi máa ń dá àwọn tó bá bi mí pé kí ni mò ń wá kiri níbi tí wọ́n ti hú ojú irin kúrò lóhùn. Àwa ọmọ Yorùbá tó ń gbé Chicago àti agbègbè rẹ̀ kò kéré níye, púpọ̀ nínú wa ló sì ń wa mọ́tò gba òpópónà márosẹ̀ Eisenhower láàárọ̀ lálẹ́. Òpópónà yẹn gan-an wà lára ohun tó pa rélùwéè yìí. Bí ẹ bá ti ń rìn lórí ìtàn láìmọ̀, ó kúkú yẹ kí ẹ mọ èyí tí ẹ ń rìn lé.

Kí n tó fi wọ́n wéra, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ọkọ̀ tí mo ní lọ́kàn. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é ní interurban. Rélùwéè ìlú-sí-ìlú ni èmi máa pè é. Iná mànàmáná ló ń wà á, kì í ṣe èédú. Ó yára ju tíráàmù ìgboro lọ, ó sì ń jáde sí oko àti ìletò, àmọ́ ó tún lè wọ títì ìlú kékeré kó lọ dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù bí ọkọ̀ akérò. Ọdún 1888 ni Frank Sprague fi han ayé ní Richmond, Virginia, pé tíráàmù oníná lè ṣiṣẹ́ fún odidi ìlú. Ní 1897 sí 1898, ní Chicago níbí, ó tún dá ọgbọ́n mìíràn: awakọ̀ kan ṣoṣo á jókòó níwájú, á sì máa darí mọ́tò inú gbogbo kọ́ọ̀ṣì tí wọ́n so mọ́ra. Ọgbọ́n kejì yìí ló sọ kọ́ọ̀ṣì oníná di ọkọ̀ ojú irin gidi. Nígbà tó fi máa di 1916, ojú irin ìlú-sí-ìlú tó wà ní Amẹ́ríkà ti lé ní 15,000 máìlì. Lẹ́yìn náà ni mọ́tò dé, ó sì jẹ ẹ́ bí ikán ṣe ń jẹ igi.

Mẹ́ta nínú àwọn tó pẹ́ láyé jù lọ ló yí Chicago ká. Ní àríwá, Chicago North Shore and Milwaukee ń lọ sí Milwaukee ní ìpínlẹ̀ Wisconsin. Ní ìwọ̀ oòrùn, Chicago Aurora and Elgin ń lọ sí àwọn ìlú etí odò Fox. Ní gúúsù, Chicago South Shore and South Bend ń gba ìsàlẹ̀ adágún Michigan lọ sí Indiana. North Shore, Aurora-Elgin àti South Shore ni mo máa pè wọ́n láti ìsinsìnyí lọ. Ẹni tó bá fẹ́ tọpa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan á kàn kó nọ́ńbà jọ ni, kò ní rí ìtàn mú. Ẹ mú ọ̀kan ná.

Ayálégbé ni wọ́n, àmọ́ onílé wọn yàtọ̀ síra

Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń béèrè kí n tó wo kọ́ọ̀ṣì kankan: ta ló ni ojú irin tí wọ́n fi wọ àárín Chicago? Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tí ojú irin tirẹ̀ dé ibẹ̀. Ilẹ̀ àárín ìlú ti wọ́n, ó sì ti kún kí wọ́n tó dé. Ayálégbé ni gbogbo wọn ní máìlì mélòó kan tó gbẹ̀yìn. Àṣírí tó sọ ẹni tó yè àti ẹni tó kú, ibẹ̀ ló wà.

Aurora-Elgin ló kọ́kọ́ gba yàrá. Láti ọdún 1905 ló ti ń gun ojú irin olókè ti Metropolitan West Side, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n gbé sórí òpó tí àwọn ará Chicago ń pè ní "L", tí ó sì ń já àwọn èrò rẹ̀ sílẹ̀ ní Wells Street láàárín ìlú. North Shore ní tirẹ̀ dúró di 1919 kó tó gba orí "L" wọlé láti àríwá. South Shore ló pẹ́ jù. Ní 1909 ó dé Kensington ní etí gúúsù ìlú, ibẹ̀ ni irin tirẹ̀ sì pin, níbi tó ti bá ojú irin ńlá Illinois Central pàdé. Ọdún 1926 ni ọkọ̀ rẹ̀ tó fi iná ara rẹ̀ sáré lórí ojú irin Illinois Central dé Randolph Street.

Ọkùnrin kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí ẹ kò lè yẹ̀ sílẹ̀. Samuel Insull, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe akọ̀wé fún Thomas Edison kó tó di ọba iná mànàmáná ní Chicago. Ní 1916 ó gba North Shore tí gbèsè ti dojú rẹ̀ dé, ní 1925 ó gba South Shore, ní 1926 ó gba Aurora-Elgin. Ọwọ́ rẹ̀ náà ni "L" wà. Nítorí náà, ní àwọn ọdún 1920, àpò kan náà ni onílé àti ayálégbé ń ná. Gbogbo ẹwà tí ẹ máa rí lára àwọn rélùwéè wọ̀nyí, láti ara téṣàn aláràbarà títí dé pátákó ìpolówó tí àwọn olùgbà-nǹkan-ìṣẹ̀ǹbáyé ń fi owó ńlá rà lónìí, àsìkò tirẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́. Ní 1932 ilé owó rẹ̀ wó. Ó sá lọ sí Gíríìsì, wọ́n mú un padà, ilé ẹjọ́ dá a sílẹ̀, ó sì kú ní 1938 nínú téṣàn ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ní Paris. Ẹni tó kó ọkọ̀ ojú irin jọ tó báyìí, téṣàn ni ikú ti bá a.

Lẹ́yìn ìṣubú Insull, onílé di ẹlòmíràn. Ní 1947, iléeṣẹ́ ìjọba ìlú tí wọ́n ń pè ní CTA gba "L". Kò pẹ́ sí i ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la òpópónà tí a mọ̀ sí Eisenhower lónìí, ojú irin olókè tí Aurora-Elgin ń gùn sì wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn ọkọ̀ máa gba ojú irin onígbà díẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó máa ń dúró fún mọ́tò ní gbogbo oríta. Aurora-Elgin kọ̀. Láti ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án 1953, ó ń dúró sí Desplaines Avenue ní Forest Park, èrò á sì bọ́ sílẹ̀ wọ ọkọ̀ CTA. Ẹni tó ti mọ́ lára láti jókòó títí dé ibi iṣẹ́, tí a wá ní kó máa sọ̀ kalẹ̀ nínú òtútù, kí ni yóò ṣe? Láàárín oṣù díẹ̀, nǹkan bí ìdajì àwọn èrò ti lọ. Ọdún mẹ́rin péré ló kù.

Ti North Shore kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé tó yá kò wó. Òun gan-an ni kò rí owó ilé san mọ́. Òpópónà Edens ṣí ní 1951 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà rẹ̀, èrò ń dín kù, ó pa ọ̀nà etí adágún tì ní 1955, ó sì gbé àwọn ọkọ̀ rẹ̀ tó gbẹ̀yìn wọlé ní ìdájí ọjọ́ 21 oṣù Kìíní 1963, nínú òtútù tó ń gbẹ ẹ̀jẹ̀ lára.

South Shore ní tirẹ̀, ilé onílé rẹ̀ ṣì dúró, ó sì tún ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́. Ó ń kó ẹrù fún àwọn iléeṣẹ́ irin àti ilé iná ní Indiana, owó ẹrù sì ń gbé ti èrò ró. Nígbà tí ìyẹn náà fẹ́ má tó mọ́, ìpínlẹ̀ Indiana dá àjọ kan sílẹ̀ ní 1977 láti gba iṣẹ́ èrò là. Ọkọ̀ náà ń rìn títí di òní.

Iná tí wọ́n ń jẹ

Apá yìí kò ní gùn. Aurora-Elgin ń jẹ iná DC (iná tó ń lọ sí apá kan ṣoṣo) 600 fóltì láti ara irin kẹta, irin tí wọ́n tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì tí kẹ̀kẹ́ ń yí lé. Ẹni tó bá ti wọ Blue Line l'Ékòó láti Marina sí Mile 2 ti rí irú rẹ̀. Àmọ́ ọ̀nà ti Èkó wà lọ́tọ̀, ẹlẹ́sẹ̀ kò lè gbà á kọjá. Ti Aurora-Elgin wà nínú koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko àgbàdo, gbangba ni. Níbi tí títì bá ti gba orí ojú irin kọjá, irin kẹta á dá dúró, ọkọ̀ á sì fi eré tó ti ń sá tẹ́lẹ̀ ré ibẹ̀ kọjá. North Shore ń gba iná láti ara wáyà òkè pẹ̀lú ọ̀pá tó gùn lórí ọkọ̀, tó bá sì dé orí "L" á sọ ọ̀pá kalẹ̀ kó gba irin kẹta.

South Shore ló yàtọ̀. Iná AC (iná tó ń lọ tó ń bọ̀) 6,600 fóltì ló fi bẹ̀rẹ̀, ohun tuntun tó mú orí yá nígbà náà. Kò bá ti ẹnì kankan mu. Ọdún tí Illinois Central gbé iná DC 1,500 fóltì sórí ojú irin rẹ̀, ìyẹn 1926, ni Insull náà sọ gbogbo South Shore di 1,500 fóltì, kí ọkọ̀ kan náà lè jẹ iná ilé àti iná onílé. Bí ẹ bá ń wá ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀mí South Shore là, ọjọ́ yẹn ni mo máa tọ́ka sí, kì í ṣe 1977.

Àwọn ọkọ̀ fúnra wọn

Ibí ni àwa tí nǹkan yìí wọ̀ lára ti máa ń jà.

Ẹ ṣì rántí onílé. Orí "L" ní kọ̀rọ̀ tó le àti pèpéle tó há, nítorí náà kọ́ọ̀ṣì North Shore àti ti Aurora-Elgin ní láti kúrú kó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Illinois Central jẹ́ rélùwéè ńlá, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ gbòòrò. Ìdí nìyẹn tí kọ́ọ̀ṣì South Shore fi tóbi, tó sì jẹ́ pé nígbà tí èrò pọ̀ sí i ní àwọn ọdún 1940, ńṣe ni wọ́n gé púpọ̀ nínú wọn láàárín, tí wọ́n fi ẹsẹ̀ bàtà 17 àti ààbọ̀ kún gígùn wọn, tí wọ́n sì fi fèrèsé ńlá àti ẹ̀rọ atútù sí i. Ẹ gbìyànjú ìyẹn fún ọkọ̀ tó ń gun "L" kí ẹ wò ó, kọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ló máa há sí.

Àwọn kọ́ọ̀ṣì South Shore aláwọ̀ ọsàn wọ̀nyí, tí Pullman àti Standard Steel Car ṣe láàárín 1926 sí 1929, ṣiṣẹ́ títí di 1983, kí àwọn tuntun ti Nippon Sharyo láti Japan tó gbapò wọn. Ọdún tó lé ní àádọ́ta lórí ojú irin! Àmọ́ ẹ ṣọ́ra. Bí ẹ bá rí páálí tó kọ 1926 lára kọ́ọ̀ṣì kan, tí ẹ rí fèrèsé fífẹ̀ lára rẹ̀, iṣẹ́ 1940 sókè lẹ ń wò nínú aṣọ 1926. Ọjọ́ ìbí àti ìrísí kì í ṣe nǹkan kan náà, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ ìtàn ọkọ̀ ló sì ń ṣubú síbẹ̀.

South Shore tún ní ẹ̀ńjìnnì kan tí ìtàn rẹ̀ dùn ju ti èrò lọ. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, General Electric ṣe ogún ẹ̀ńjìnnì oníná ńlá fún ìjọba Soviet. Kí wọ́n tó kó wọn lọ, ìjọba Amẹ́ríkà ti fòfin de títa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún Rọ́ṣíà, ọjà sì kú sílẹ̀. Méjìlá lọ sí iléeṣẹ́ rélùwéè Milwaukee Road, márùn-ún lọ sí Companhia Paulista ní Bràsíìlì, South Shore ra mẹ́ta. Àwọn òṣìṣẹ́ sọ wọ́n ní "Little Joe", wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ Joseph Stalin. Ní Bràsíìlì, "Russa" ni wọ́n ń pè wọ́n. Ti South Shore kó ẹrù títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ẹ̀ńjìnnì tí wọ́n kọ́ fún Moscow, ó wá ń fa ẹrù kọjá lójú títì Michigan City!

North Shore ló ní arẹwà wọn. Ní 1941, St. Louis Car Company ṣe méjì péré nínú ọkọ̀ tí wọ́n sọ ní Electroliner. Ìsọ̀rí mẹ́rin ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n so mọ́ra lórí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ márùn-ún: ìyẹn ni pé ìsọ̀rí méjì ń pín ẹsẹ̀ kan lò níbi tí wọ́n ti pàdé, kí ọkọ̀ lè ṣẹ́ kọ̀rọ̀ "L" bí ejò. Tó bá sì ti jáde sí gbangba ní Skokie Valley, ọ̀nà North Shore kejì tó jìnnà sí adágún, á máa sá ju 80 máìlì ní wákàtí kan lọ. Ibì kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ti ń ta ọtí àti oúnjẹ, níbi tí èrò ti lè pàṣẹ Electroburger kó sì máa wo oko tó ń sá kọjá. Nọ́ńbà méjì ni ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ń jẹ́, 801-802 àti 803-804, nítorí pé orí méjèèjì ló ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹ má ka mẹ́rin sínú ìwé yín. Nígbà tí North Shore kú, iléeṣẹ́ kan ní Philadelphia rà wọ́n, ó tún wọn kùn, ó sì sọ wọ́n ní Liberty Liner. Lónìí, 801-802 wà ní Illinois Railway Museum ní ìlú Union, 803-804 sì wà ní Rockhill Trolley Museum ní Pennsylvania pẹ̀lú orúkọ Independence Hall tí wọ́n fún un ní Philadelphia. Ẹni tó bá fẹ́ rí i nínú aṣọ North Shore, Union ni kó lọ.

Mo ti gbọ́ ọ tó ìgbà mẹ́wàá pé Electroliner ni ọkọ̀ ìlú-sí-ìlú tó dára jù tí wọ́n ṣe rí. Mi ò jiyàn lórí ẹwà. Àmọ́ ọkọ̀ méjì kò lè sọ ìtàn gbogbo rélùwéè, àwọn kọ́ọ̀ṣì irin lásán tí ẹnikẹ́ni kò ya fọ́tò wọn ló ru èrò North Shore fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún.

Ti Aurora-Elgin ló wọ̀ mí lọ́kàn jù, nítorí pé òun nìkan ló jẹ́ kí ẹ rí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin irú ọkọ̀ yìí nínú ilé kan náà. Ìbẹ̀rẹ̀ ni kọ́ọ̀ṣì onígi tí Niles Car ní Ohio ṣe fún ìṣílé 1902. Ọ̀kan nínú wọn, nọ́ńbà 20, wà ní Fox River Trolley Museum ní South Elgin, ó sì wà lára àwọn kọ́ọ̀ṣì ìlú-sí-ìlú tó dàgbà jù tó ṣì ń rìn ní Amẹ́ríkà. Òpin ni kọ́ọ̀ṣì mẹ́wàá, nọ́ńbà 451 sí 460, tí St. Louis Car Company ṣe. Ogun dá wọn dúró, ọdún 1945 ni wọ́n tó dé. Ẹ wo ara wọn dáadáa: ẹ̀gbẹ́ wọn wú síta níbi ìjókòó, ó sì wọlé padà lókè àti nísàlẹ̀, kí èrò lè rí àyè jókòó kí ọkọ̀ má sì gbá pèpéle "L". Onílé náà ló ń ya àwòrán ọkọ̀ títí dé ibi tó parí. Wọ́n wà lára àwọn kọ́ọ̀ṣì ìlú-sí-ìlú tó gbẹ̀yìn tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà. Ọmọ ọdún méjìlá péré ni wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n ní kí wọ́n dúró.

Ohun tó ṣẹ́kù tí ẹ lè fojú rí

Fún South Shore, ẹ kàn máa ra tíkẹ́ẹ̀tì ni. Ẹ wọ̀ ọ́ ní Millennium Station, níbi tí Randolph Street wà láyé ọjọ́un, ó sì máa gbé yín dé pápákọ̀ òfurufú South Bend, nǹkan bí 90 máìlì. Ẹ sọ̀ ní Beverly Shores kí ẹ wo téṣàn 1929 tí Arthur Gerber yàwòrán rẹ̀ bí ilé àwọn ará Sípéènì, tí orúkọ rẹ̀ ń tàn ní iná aláwọ̀ lórí òrùlé. Iyanrìn àti igbó Indiana Dunes wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohun tí àwọn pátákó Insull fi ń pe èrò nìyẹn. Kìkì ohun tí ẹ kò ní rí mọ́ ni ọkọ̀ tó ń rìn láàárín títì ní Michigan City, tí àwọn onílé ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn tí kọ́ọ̀ṣì ńlá ń kọjá lójú wọn. Ọdún 2022 ni ìyẹn parí, wọ́n sì ti tẹ́ ojú irin méjì síbẹ̀ kí ọkọ̀ lè yára. Ó dára fún ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́. Ó dùn mí díẹ̀.

Fún North Shore, àpò méjì ni nǹkan wà. Ọkọ̀ Yellow Line ti CTA láti Howard dé Dempster-Skokie ń rìn lórí ojú ọ̀nà Skokie Valley gan-an. CTA gba apá yẹn ní 1964, ọdún kan lẹ́yìn tí North Shore kú, wọ́n sì tọ́jú ilé téṣàn 1925 tí Gerber náà yà sí Dempster. Àwọn tó lè gun kẹ̀kẹ́ á rí Green Bay Trail àti Robert McClory Bike Path níbi tí ọ̀nà etí adágún wà rí. Ní ti ọkọ̀, Union ni.

Fún Aurora-Elgin, ẹ lo ẹsẹ̀ yín. Ní 1963, May Theilgaard Watts, onímọ̀ ewéko kan, kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn Chicago Tribune pé kí wọ́n sọ ilẹ̀ tí rélùwéè yìí fi sílẹ̀ di ọ̀nà fún ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́. Ohun tó ti inú lẹ́tà yẹn jáde ni Illinois Prairie Path, nǹkan bí 60 máìlì, ọ̀kan lára àwọn àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ó pín sí méjì ní Wheaton bí ojú irin ṣe pín, apá kan sí Elgin, apá kan sí Aurora. Ìtẹ̀sí ilẹ̀ rẹ̀ á sọ fún ẹsẹ̀ yín pé ọkọ̀ ojú irin ló là á: kò sí ibi tó ga lójijì, kò sí ibi tó ṣẹ́ lójijì.

Nípa Illinois Railway Museum fúnra rẹ̀, ẹ mọ̀ pé orí ojú ọ̀nà rélùwéè ìlú-sí-ìlú mìíràn tó kú ní 1930, Elgin and Belvidere, ni wọ́n tẹ́ irin tí wọ́n fi ń gbé àlejò rìn. Ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀kan nínú Little Joe. Ó lé ní 50 máìlì sí àárín Chicago, kò sì sí ọkọ̀ èrò tó dé ẹnu rẹ̀, ẹ ní láti wa mọ́tò lọ. Ti Fox River kéré gan-an sí i, àmọ́ ojú irin rẹ̀ jẹ́ ara ọ̀nà tíráàmù etí odò tó ti wà láti 1896, ó sì fìgbà kan jẹ́ ti iléeṣẹ́ kan náà pẹ̀lú Aurora-Elgin. Bí ẹ bá fẹ́ jẹun nínú kọ́ọ̀ṣì South Shore àtijọ́, East Troy ní Wisconsin ni wọ́n ti ń ṣe ìyẹn. Gbogbo wọn ń tilẹ̀kùn nígbà òtútù, ọjọ́ díẹ̀ lọ́sẹ̀ ni ti Fox River ń ṣí nígbà ooru, ọkọ̀ tí wọ́n bá sì ń wà lónìí lè wà lábẹ́ àtúnṣe lọ́la. Ẹ wo kàlẹ́ńdà wọn kí ẹ tó kó àwọn ọmọ sínú mọ́tò.

Èwo ni kí ẹ mú?

Bí ọjọ́ kan péré bá wà lọ́wọ́ yín, tí ẹ sì ní ọmọ kékeré, South Shore ni. Ọkọ̀ ń rìn, iyanrìn wà, ọmọ kò ní béèrè pé kí ni à ń wò. Ìtàn rẹ̀ náà kún, kìkì pé ohun tuntun ti bo púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ máa ní láti fi ojú inú rí kọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ ọsàn.

Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ lẹ fẹ́ràn ju ìlú lọ, tí ọwọ́ yín ń yún láti fọwọ́ kan irin àti ìjókòó, North Shore ni, ọjọ́ kan gbáko ní Union. Ìwé tí àwọn èèyàn kọ nípa rẹ̀ pọ̀ ju ti méjì yòókù lọ, ẹ kò ní wá nọ́ńbà kọ́ọ̀ṣì títí. Ibi tó kù sí ni pé ìfẹ́ Electroliner ti bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Èmi ní tèmi á ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Aurora-Elgin. Ó kú, ó sì kú ikú ẹ̀sín, ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn. South Shore kò tíì parí ìtàn tirẹ̀, North Shore ní arẹwà tó ń gba ojú ẹni, àmọ́ nínú Aurora-Elgin, ẹ lè fi ojú ara yín rí gbogbo nǹkan láti 1902 títí dé ọ̀sán ọjọ́ yẹn ní 1957, láìgba ọkọ̀ òfurufú lọ ibì kankan.

Bí mo ṣe máa ń mú àlejò rìn ín rèé. A máa ń wọ Blue Line ti CTA láàárín ìlú lọ sí Forest Park, láàárín òpópónà Eisenhower níbi tí mọ́tò ń sá lọ́tùn-ún lósì. Ibi tí ọkọ̀ yẹn parí sí, ẹ̀gbẹ́ Desplaines Avenue náà ni, níbi tí wọ́n ti ń sọ èrò kalẹ̀ láti 1953. Lẹ́yìn náà a máa ń fi mọ́tò lọ sí Wheaton, a ó rin ọ̀nà Prairie Path díẹ̀ níbi tó ti pín sí méjì, kí àlejò wo apá Elgin àti apá Aurora kó sì sọ èyí tó máa ń gùn jù fún ẹni tó ti rẹ̀. Lọ́sàn-án a ó kọjá sí South Elgin. Bí orí bá ṣe wá ire, nọ́ńbà 20 ni wọ́n máa mú jáde lọ́jọ́ yẹn. Ẹ jókòó sápá odò, kí ẹ sì gbọ́ bí igi ara rẹ̀ ṣe ń dún nígbà tí mọ́tò abẹ́ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.